Orin Tó Ń Parọ́ Mọ́ Màmá Mi

Ìlà kan wà nínú orin kan tí màmá mi kì í kọ. Wọ́n mọ orin kọ, ohùn wọn sì máa ń dá yàtọ̀ láàárín gbogbo obìnrin tó bá jókòó sí ìhà Ẹgbẹ́ Ìyá nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣùgbọ́n tí orin bá ti dé ìlà yẹn, wọ́n á pa ẹnu dé, wọ́n á máa wo iwájú bí ẹni tó ń dúró kí ọkọ̀ àjàgbé kọjá kó tó sọdá títì. Tó bá ti kọjá, wọ́n á la ẹnu, wọ́n á tún máa bá ìjọ lọ. Mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama kí n tó kíyè sí i, nígbà tí mo sì kíyè sí i tán, mi ò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́ nínú orin náà.

Orin òkú ni. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó kú dà bí èrò inú ọkọ̀ tó la òkun kọjá, tí ọkọ̀ rẹ̀ ti wá dé ibi tó ń lọ. Ìlà tí mò ń wí nìyí: Ọkọ̀ mi dé, ó dé èbúté. Nínú ìwé, kò sí àléébù kankan lára rẹ̀. Inú ohùn ni wàhálà wà. Ìlú òyìnbó ni ohùn orin náà ti wá, ẹni tó sì fi Yorùbá sí i kò bi í léèrè bóyá ó gba ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ gbé lé e lórí. Màmá mi, tó jẹ́ pé èdè Yorùbá ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ wọn kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìgàndó, ti fi ìka ya ọ̀rọ̀ náà sójú afẹ́fẹ́ fún mi nílé rí. Ọkọ̀ tí à ń wọ̀, re dò. Ọkọ obìnrin, re re. Ọkọ́ tí à ń fi roko, re mí. Orin náà kò mọ dò rárá. Ó máa ń tẹ re, re, re, lẹ́yìn náà á fò sókè sórí mí, á dúró síbẹ̀ kó tó mí èémí. Ẹ fi ohùn yẹn kọ ọkọ̀ mi dé, kí ẹ fetí ara yín gbọ́ ohun tó máa tẹnu yín jáde. Ọkọ mi dé.

Ìjọ wa, tó wà ní ojú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìdímù, kò ka èyí sí àṣìṣe. Wọ́n ti sọ ọ́ di àṣà. Mi ò mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo gbà pé ọkùnrin kan tí ọ̀fọ̀ aya rẹ̀ gbé dìde lórí ìjókòó ní àkókò yẹn gan-an ni, tí àwọn èèyàn sì rí i pé ó wọ̀. Láti ìgbà náà, tí a bá ń sin abilékọ tí ọkọ rẹ̀ ṣì wà láyé, bí orin bá ti dé ọkọ mi dé, ọkọ á dìde ní ìjókòó iwájú, á rìn lọ síbi pósí, á gbé ọwọ́ lé e níbi orí. Àwọn obìnrin á bú sẹ́kún. Tó bá jẹ́ pé ọkọ ti ṣáájú lọ, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín, wọ́n á ní ó ti ń dúró de ìyàwó rẹ̀ ní èbúté látọjọ́ yìí. Kò sí orin tí ìjọ wa fẹ́ràn tó o. Èèyàn kan ṣoṣo ló ń pa ẹnu dé níbẹ̀, ẹni náà ló bí mi.

Ọjọ́ tí à ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú ọ̀rẹ́ wọn kan ni mo bi wọ́n. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn, nítorí kò sí kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ dúró, oòrùn sì mú. Mo ní kí ló dé tí wọn kì í fi kọ ìlà yẹn.

"Orin yẹn ń parọ́ mọ́ mi," ni wọ́n wí. "Tó bá di ọjọ́ tèmi, má jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ọmọ máa ń sọ, pé ẹ̀mí wọn á gùn, pé kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n ní ṣé mo gbọ́. Mo ní mo gbọ́. Wọn ò tún mẹ́nu bà á mọ́ títí wọ́n fi kú, èmi náà ò sì béèrè, nítorí mo mọ irọ́ tí wọ́n ń wí. Abẹ́ òrùlé kan náà lèmi àti irọ́ náà jọ dàgbà.

Bàbá mi fi wá sílẹ̀ nígbà tí mo ṣì ń wọ yúnifọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Kò lọ jìnnà. Ṣáṣá ló lọ, ó lọ ń gbé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́ lósùnwọ̀n. Ọ̀nà ibẹ̀ kò ju kí èèyàn wọ mọ́tò kan ṣoṣo láti ilé wa. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n Ìpínlẹ̀ Èkó tóbi lọ́nà tó yani lẹ́nu: ẹni tó bá kó kúrò ní àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn lè dà bí ẹni tó ti ré òkun kọjá. Nígbà tí olùṣọ́ àgùntàn ìgbà náà bi màmá mi léèrè pé bàbá ilé dà, tí kò wá sí ìsìn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun tó yọ lẹ́nu wọn ni pé wọ́n ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Ọya. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo gbójú sókè wò wọ́n, wọ́n sì fún mi lọ́wọ́ pọ̀. Bẹ́ẹ̀ lẹ́nu tèmi náà ṣe dákẹ́.

Irọ́ kì í jẹun lẹ́ẹ̀kan kó yó. Láti ọjọ́ náà la ti ń bọ́ ọ. A ò ná ọjà Ṣáṣá mọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni tòmátì àti ẹ̀wà ti pọ̀ jù ládùúgbò wa. Ìkòtún là ń lọ, a ó ru ẹrù wálé bí ẹni tí kò mọ̀nà. Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn tó wà ní ìrìn àjò nínú ìjọ, orúkọ rẹ̀ máa ń wà níbẹ̀, gbogbo èèyàn á sì ṣe àmín sí i. Èmi náà á ṣe àmín. Lọ́jọ́ kan, lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà, a rí òun àti obìnrin náà tí wọ́n ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Èrò pọ̀, àwọn tó ń tajà ti tẹ́ ọjà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò sí ibi tí èèyàn lè yà sí. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọkùnrin kan tó ń ta ìbọ̀sẹ̀, wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n ń na ìbọ̀sẹ̀ ọkùnrin wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí àwọn méjèèjì fi gba ẹ̀yìn wa kọjá. Mo gbọ́ ẹ̀rín bàbá mi lókè orí mi. Ojú ti màmá mi láti kàn dìde lọ lásán, ni wọ́n bá ra ìbọ̀sẹ̀ náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí Ẹgbẹ́ Ìyá bá àwọn gbàdúrà fún ẹni tó ń rin ọ̀nà Òkè Ọya.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tiwa kọ́ o. Abilékọ ni màmá mi jẹ́ lójú ìjọ títí wọ́n fi di olórí Ẹgbẹ́ Ìyá, ipò tí wọn kì í fi fún ẹni tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní bàbá ti fẹ̀yìn tì, àìsàn ni kò jẹ́ kó lè rin ìrìn ọ̀nà jíjìn. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, ilé olùkọ́ ni wọ́n ti jáde, wọn ò sì lè fara da kí èèyàn káàánú wọn.

Nígbà òjò tó kọjá yìí ni rọpá-rọsẹ̀ gbé wọn lọ. Àbúrò mi ọkùnrin wà lókè òkun. Ó sunkún lórí fóònù, ó ní ohunkóhun tí mo bá ṣe ló dára, ìyẹn ni pé kò ní ṣe nǹkan kan. Àbúrò màmá mi obìnrin gbéra láti Èkìtì, kó sì tó sọ báàgì kalẹ̀ ló ti ń béèrè bàbá mi. Mo ní, "Àǹtí, ẹ mọ ibi tó wà." Ó ní òun mọ̀, pé ìyẹn kọ́ lòun béèrè. Ó ní kò sẹ́ni tó dá ìdána ẹ̀gbọ́n òun padà, bàbá mi ni ọkọ rẹ̀, a kì í sì í sin abilékọ bí ẹni tí kò lọ́kọ. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí Ṣáṣá, ó sì mú un wá.

Ẹ ó ti rí i pé wọ́n ni mò ń pe màmá mi, ó sì ni mò ń pe bàbá mi. Kì í ṣe àṣìṣe. Lójú rẹ̀, ẹ̀yin ni, sà ni, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i, nítorí ẹni tó tọ́ mi kọ́ mi dáadáa. Ṣùgbọ́n inú ìwé tèmi la wà yìí, kò sẹ́ni tó máa fi orúnkún mi kanlẹ̀ níbí.

Ó ti darúgbó. Obìnrin tó tìtorí rẹ̀ fi wá sílẹ̀ ti kú, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ti ṣú tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ìró ẹsẹ̀ ló fi ń mọ ẹni tó wọlé. Ó jókòó sórí àga màmá mi nínú pálọ̀, ó gbé ọwọ́ lé orí itan bí ẹni tó wá dúró de dókítà. Àwọn ará ìjọ ń wọlé wá kí i. Wọ́n ń sọ fún un pé àwọn ti ń gbàdúrà fún un tipẹ́, pé Ọlọ́run ló mú un ti Òkè Ọya dé láyọ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó yí ojú rẹ̀ tó ṣú náà síhà ọ̀dọ̀ mi. Mi ò sọ nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀." Láti ìgbà náà, òun náà ń gbé ní Òkè Ọya.

Olórí akọrin wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan pé ká yan orin. Èmi ni àkọ́bí, èmi náà ni mo sì bá màmá gbé títí dé òpin, nítorí náà ọwọ́ mi ló wà. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ó ṣí ìwé orin sórí itan, a bẹ̀rẹ̀. Mo yan èyí tí a ó fi wọlé, mo yan èyí tí màmá mi máa ń kọ tí wọ́n bá ń fọ aṣọ lọ́jọ́ Sátidé, mo yan èyí tí wọ́n kọ́ wa nígbà tí iná kì í sí, tí a máa ń kọ nínú òkùnkùn kí ẹ̀rù má bà wá. Fún ìgbà díẹ̀ yẹn, ọkàn mi fúyẹ́. Ó dà bíi pé èmi àti wọn la jọ ń yàn án. Lẹ́yìn náà olórí akọrin kọ orin kan sílẹ̀ fúnra rẹ̀, láìbi mí, ó sì ń ṣí ewé lọ.

Mo mọ èyí tó jẹ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yọ ìyẹn kúrò."

Ó gbójú sókè. Ó ní èwo. Mo ní èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sílẹ̀, orin ọkọ̀. Ó rò pé mo ń ṣàwàdà. Àǹtí mi pòṣé. Bàbá mi jókòó sórí àga náà, ó ń gbọ́ wa. Mo ní màmá mi kò fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ó ní ta ni kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣebí màmá gan-an ni wọ́n máa ń ṣáájú ẹgbẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ kọ ọ́. Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ìjọ ló rí wọn tí wọ́n ń kọ ọ́. Ìlà kan kọ́ ni èèyàn fi ń mọ̀ pé ẹnì kan kò kọrin.

Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe láti halẹ̀, àánú ló mú un ṣe bẹ́ẹ̀.

"Sístà mi," ó ní, "láti ìgbà tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, obìnrin kan ṣoṣo la ò kọ ọ́ fún. Gbogbo ìjọ ló mọ̀dí, pé ọkọ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, wọn ò sì dákẹ́ lórí ẹ̀ títí dòní. Ṣé irú ìyẹn lẹ fẹ́ kí wọ́n máa rò nípa màmá?"

Ibẹ̀ ló há mi mọ́. Mo wá ibi tí mo lè gbà jáde, mi ò rí. Bí ìjọ bá kọ orin náà, irọ́ tí màmá mi ní kí wọ́n má pa mọ́ àwọn ni wọ́n máa pa mọ́ wọn, lórí pósí wọn, níbi tí wọn ò ti lè pa ẹnu dé mọ́. Bí ìjọ kò bá kọ ọ́, ohun tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn bò mọ́lẹ̀ máa ṣí sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ kan náà. Bí mo bá la ẹnu sọ ìdí rẹ̀, tí mo ní ẹ wo ọkùnrin yìí, Ṣáṣá ló wà ní gbogbo ìgbà yẹn, kì í ṣe òun ni màá tú síhòòhò. Ẹni tó sùn sí mọ́ṣúárì ni.

Inú bí mi. Ó bí mi sí àǹtí mi tó lọ mú un wá, ó bí mi sí àbúrò mi tó ní ohunkóhun ló dára, ó sì bí mi sí bàbá mi. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé inú bí mi sí òkú. Mo ní nínú ara mi pé, Màámi, ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn yìí, ẹ̀yin lẹ mú kọ́kọ́rọ́ lọ, ẹ wá ní kí n máa jáde.

Bàbá mi ló sọ̀rọ̀. Kò sọ ọ́ sókè.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́," ó ní. "Àǹtí yín ti ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ sọ sí ìyá yín létí."

Olórí akọrin ní ó tán. Ó pa ìwé dé.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísítì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ibẹ̀ ni mo lọ jókòó sí lọ́jọ́ kejì, nítorí ilé ti kún fún èrò. Mò ń ta oògùn ibà, mò ń ronú. Nǹkan bí ọwọ́ ọ̀sán, ọkọ̀ akókùú kan kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn afọnfèrè sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú fèrè idẹ, wọ́n ń fọn ún lọ. Mo dúró wò wọ́n. Fèrè ń dún, kò sẹ́ni tó ń kọrin. Ohùn ni, kò sí ọ̀rọ̀. Ó wá sí mi lórí pé mo ti rí ọ̀nà. Kí wọ́n fi fèrè fọn orin náà. Ohun tí kò ní ẹnu kò lè purọ́. Orin á wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní lè sọ pé a yọ ọ́ kúrò fún màmá mi, bẹ́ẹ̀ kò ní sẹ́ni tó máa pe ọkọ lórí wọn.

Ilé olórí akọrin ni mo gbà lọ, mi ò tiẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù dáadáa. Mo ní nítorí ipò màmá nínú ìjọ, mo fẹ́ kí orin yẹn yàtọ̀, kí afọnfèrè kan fọn ọ́, kí ìjọ dákẹ́ kí wọ́n sì máa gbọ́. Ó rò ó wò. Mo rí i pé ó wọ̀ ọ́ lára. Ó ní òun mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n fọn dáadáa, pé ó máa dùn, pé òun ò mọ ìdí tí òun náà ò fi ronú kàn án rí. Bí mo ṣe ń padà lọ, ẹsẹ̀ mi fúyẹ́. Mo ra gúgúrú àti ẹ̀pà, mo ń jẹ ẹ́ lọ lójú títì bí ọmọdé. Mo ní, Màámi, mo ti ṣe é.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń kà á bọ̀ ti lè máa rẹ́rìn-ín. Yorùbá ni mí. Ọmọ olùkọ́ Yorùbá ni mí. Wọ́n ti ya re àti mí sójú afẹ́fẹ́ fún mi. Mo sì wá jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo rò pé bí mo bá yọ ọ̀rọ̀ kúrò lára ohùn, ohùn á dákẹ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, òjò rọ̀ láàárọ̀, ó sì dá kí wọ́n tó gbé pósí wọlé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Èmi ni mo jókòó sí etí ọ̀nà ní ìjókòó iwájú, bàbá mi tẹ̀ lé mi, àǹtí mi tẹ̀ lé e. Aṣọ rẹ̀ ń rùn fún káńfọ̀. Orin tí mo yàn ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ wọ́n. Nígbà tó kan orin inú òkùnkùn, mo kọ ọ́ parí. Lẹ́yìn náà ni olórí akọrin na ọwọ́ sókè pé kí ìjọ jókòó, afọnfèrè sì bọ́ síwájú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ fèrè fọn lóòótọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, gbogbo ilé pa lọ́lọ́, ìró fáànù nìkan ló kù. Ó fọn ìlà àkọ́kọ́, ó fọn ìkejì. Mo pa ojú dé. Ó wá dé ibẹ̀. Re. Re. Re. Ó gòkè lọ sórí mí, ó fà á gùn, ó sì dákẹ́.

Ọkọ mi dé.

Mi ò gbọ́ ọ kedere tó báyìí rí ní gbogbo ayé mi. Nígbà tí ìjọ máa ń fi ẹnu kọ ọ́, ó kéré tán ìwé wà lọ́wọ́ èèyàn, ojú lè rí ọkọ̀ kó sì gba etí sílẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, kò sí ìwé, kò sí ọkọ̀, kò sí èbúté. Mo ti bá wọn kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Ohun tó kù ni ohùn, ohùn kò sì mọ nǹkan mìíràn sọ ju ohun tó ti ń sọ látọjọ́ tó ti dé. Lẹ́yìn mi, ní ìhà Ẹgbẹ́ Ìyá, obìnrin kan sọ ọ́ jáde wúyẹ́wúyẹ́, òmíràn sọ ọ́, wọn ò kọ ọ́ lórin, wọ́n kàn ń dá fèrè lóhùn ni: ọkọ mi dé, ọkọ mi dé. Ẹkún sọ. Ìjọ fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé fèrè ni wọ́n ń fi fọn ọ́ fún gbogbo abilékọ láti ọjọ́ náà. Wọ́n máa ń ní kí wọ́n ṣe é bíi ti màmá wa. Wọ́n sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo pa ẹnu dé bí màmá mi ṣe máa ń pa á dé. Ẹnu ni èèyàn lè pa dé, ta ló lè pa etí dé?

Bàbá mi dìde. Nítorí ojú rẹ̀, kò lè dá lọ, ó na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́ níhà ọ̀dọ̀ mi, ó ń dúró. Mi ò mira. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí.

"Ó ń pè mí," ó ní. "Àbí o ò gbọ́ ni?"

Ọwọ́ náà wà lókè. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń wò wá. Àǹtí mi ti ẹ̀yìn rẹ̀ fi ojú pa mí láṣẹ.

"Mo gbọ́, sà," ni mo wí.

Mo dìde, mo di ọwọ́ náà mú. Ó fúyẹ́, ó sì gbẹ. Mi ò tíì dì í mú láti ìgbà tí mo wà ní kékeré, ó sì dùn mí pé ara mi rántí rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Fèrè ti bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kejì. Pósí wà ní ìbú níwájú pẹpẹ, òdòdó àti fọ́tò màmá mi wà ní ọwọ́ ọ̀tún, níbi orí. Tí a bá dé iwájú, ọwọ́ ọ̀tún ló yẹ ká yà sí.

Mo fà á sí òsì.

Mi ò ronú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ló yà. Mo gbọ́ tí àǹtí mi mí èémí gígùn lẹ́yìn wa, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò lè pariwo. Òun náà ti há mọ́ ibi tó jókòó sí.

Bàbá mi fi ọwọ́ wá igi pósí títí ó fi kàn án. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e.

"Ṣé ibi orí rẹ̀ nìyí?" ó bi mí, ó rọra sọ ọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó tẹ̀ba títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tó ti ń gbé káàkiri látọjọ́ yìí. Fèrè tún dé ibẹ̀, ó tún sọ pé ọkọ dé. Bàbá mi ń bẹ̀bẹ̀, ó ń pè wọ́n ní orúkọ tí mi ò gbọ́ rí, ó ń sọ ọ́ sí ẹsẹ̀ wọn, ó rò pé etí wọn ló wà níbẹ̀. Mi ò tún un ṣe. Mo dì í mú ní apá títí ó fi sọ tán, mo sì mú un padà lọ jókòó.